Kòkòrò ikọ́ ife wà lára mi, ara mi sì le: ṣé dandan ni kí n lo oògùn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí a jọ ń gbé ní ikọ́ ife. Láàbù rí i nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn, wọ́n sì ti ń lo oògùn oṣù mẹ́fà. Ilé ìwòsàn wá pe gbogbo ará ilé fún àyẹ̀wò. Èmi ò wúkọ́, mi ò rù, X-ray àyà mi mọ́ kedere, àmọ́ ibi tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ sí lápá mi wú, nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ mìlímítà 16. Wọ́n ní kòkòrò náà ti wọ ara mi, pé ó ń sùn ni, kí n máa lo oògùn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ wọ́n gún mi ní BCG, abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ife, nígbà tí wọ́n bí mi, àpá rẹ̀ ṣì wà lápá mi. Báwo ni kòkòrò ṣe lè wà lára èèyàn kó má ṣàìsàn? Kí ni àwọn sójà ara mi ń ṣe tí wọn ò fi pa á dànù? Ṣé BCG yẹn ò wúlò ni? Ikọ́ ẹ̀gbọ́n mi náà sì ti lọ, kí ló dé tí wọn ò lè dá oògùn dúró? Ọmọ mi ọlọ́dún méjì wà nínú ilé kan náà. Bí mo bá kàn ń lo oògùn tó ń fún ara lókun ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú aápọn ẹ̀gbọ́n yín, Ọlọ́run á jẹ́ kí oògùn ṣiṣẹ́ lára wọn. Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni mo máa kọ́kọ́ mú, torí òun ni kò lè dúró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n yín lọ́sẹ̀ yìí, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá gágá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tó ń bá ẹni tó ní ikọ́ ife inú ẹ̀dọ̀fóró gbé, wọn kì í dúró de èsì abẹ́rẹ́ apá kí wọ́n tó fún un ní oògùn ìdènà. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tí wọn ò rí àmì àìsàn náà lára rẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Oògùn ọmọdé wà tó ń yọ́ nínú omi, ìwọ̀n kìlógíráàmù rẹ̀ ni wọ́n á fi mọ iye hóró tó máa lò. Bó bá wá ń ṣàìsàn, tó ń bì, tó ń tòògbé ṣáá, tí ọrùn rẹ̀ le, ẹ má jẹ́ kó dọ̀la. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn ikọ́ ife ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tó ń ṣe ìtọ́jú DOTS (ìtọ́jú ikọ́ ife tí wọ́n ti ń ṣọ́ bí aláìsàn ṣe ń lo oògùn rẹ̀) ní Nàìjíríà.

Ní tiyín, òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín: kòkòrò wà, àìsàn ò sí. Àwọn sójà ara yín kò sùn. Wọn ò kàn lè pa kòkòrò yìí tán bí wọ́n ṣe ń pa àwọn yòókù, ohun tí agbára wọ́n ká ni pé wọ́n sé e mọ́lé. Gbogbo ohun tí ẹ béèrè, láti orí abẹ́rẹ́ tó wú títí dé oṣù mẹ́fà ẹ̀gbọ́n yín, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá.

Bó ṣe ń wọlé

Bí ẹni tó ní ikọ́ ife bá ń wúkọ́, tó ń sín, tàbí tó ń kọrin, omi tíntìntín ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó tóbi á bọ́ sílẹ̀. Èyí tó kéré gan-an, tí kò ju ìdá kan sí márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà, á gbẹ, á sì máa léfòó nínú yàrá fún ọ̀pọ̀ wákàtí bí fèrèsé bá wà ní títì. Kíkéré rẹ̀ yẹn ló ń gbé e dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, torí ohun tó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀, imú àti ọ̀nà ọ̀fun á ti mú un kó tó débẹ̀. Abọ́, ṣíbí, aṣọ, bíbọ ara ẹni lọ́wọ́, kò sí èyí tó ń kó o ranni. Ẹ má ya abọ́ ẹ̀gbọ́n yín sọ́tọ̀, fèrèsé ni kí ẹ ṣí.

Ní ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, nínú àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké, sójà kan ń gbé ibẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa gbé ohun tó bá ṣèèṣì wọlé mì: eruku, èéfín, kòkòrò. Macrophage ni àwọn oníṣègùn ń pè é, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ajẹkòkòrò níhìn-ín. Bó bá pàdé kòkòrò, á na ara rẹ̀ yí i ká, á gbé e mì, kòkòrò á bá ara rẹ̀ nínú àpò kan nínú sẹ́ẹ̀lì náà. Àpò kejì tí ásíìdì àti èròjà tó ń jẹ nǹkan rà kún inú rẹ̀ á wá dà pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́, ó parí fún kòkòrò nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń fà símú lójoojúmọ́ ń tibẹ̀ kú láìjẹ́ pé a mọ̀ rárá.

Ti ikọ́ ife yàtọ̀. Mycobacterium tuberculosis ni orúkọ kòkòrò náà, Robert Koch, dókítà ará Jámánì, ló kéde rẹ̀ ní Berlin lọ́jọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1882. Ọ̀rá tó nípọn, tó jẹ́ irú ìda kan, ló fi bo ara. Ọ̀rá yìí ló ń jẹ́ kí àwọ̀ pupa tí láàbù fi ń kun kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ásíìdì ò lè fọ̀ ọ́ kúrò, òun náà ni kì í jẹ́ kí èròjà inú ajẹkòkòrò tètè ràn án. Àmọ́ kì í ṣe aṣọ nìkan ló gbójú lé. Bó bá ti wà nínú àpò yẹn, á máa tú èròjà jáde tí kì í jẹ́ kí àpò ásíìdì wá dà pọ̀ mọ́ tirẹ̀, á sì lé ẹ̀rọ tó ń fa ásíìdì wọlé sẹ́yìn. pH inú àpò náà (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó, bó bá ṣe lọ sílẹ̀ tó ni nǹkan ń kan tó), tó yẹ kó lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi 5, á dúró sí bíi 6.2 sí 6.4. Ó kan díẹ̀, kò kan débi tó lè pa á. Kòkòrò yìí tún ní irinṣẹ́ kan, ESX-1, tó fi ń tú èròjà ESAT-6 jáde, ó sì lè fi í dá àpò náà lu. Ẹ fi orúkọ ESAT-6 sọ́kàn, a ṣì máa pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Báyìí ló ṣe di pé sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n rán láti pa á ló ń gbé inú rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń bímọ. Kì í kánjú. Kòkòrò E. coli tó ń gbé inú ìfun lè di méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú, èyí ń gba nǹkan bí ogún wákàtí. Ìjáfara yẹn ló fà á tí ikọ́ ife fi ń rọra wọ ara, tí láàbù tó bá gbìn ín fi ń retí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí èsì tó jáde.

Ìdí tí ìròyìn fi pẹ́ dé

Ajẹkòkòrò nìkan ò lè yanjú rẹ̀, ó nílò àṣẹ láti ọ̀dọ̀ sójà mìíràn. Sójà akéde, tí wọ́n ń pè ní dendritic cell, ló máa gbé ègé kòkòrò náà kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí àwọn kókó tó wà láàárín àyà, kó fi han àwọn sójà kan tí wọ́n ń pè ní T cell, sójà T. Èyí tó bá dá ègé yẹn mọ̀ nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó kọjá lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Olórí wọn ni CD4, àwọn tó ń lo oògùn HIV mọ orúkọ yẹn dáadáa.

Bó bá jẹ́ kòkòrò ọ̀fìnkìn ni, ọjọ́ díẹ̀ ti tó. Fún ikọ́ ife, kòkòrò náà gan-an ló ń fa ìròyìn sẹ́yìn. Nínú eku tí wọ́n fi ṣe ìwádìí, ó máa ń lé lọ́sẹ̀ kan kí ègé kòkòrò tó dé inú kókó, ó sì ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí sójà T tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Lára èèyàn, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́jọ ló ń gbà kí abẹ́rẹ́ apá tó lè wú. Ní gbogbo àkókò yẹn, kòkòrò ń bímọ láìsí ẹni tó dí i lọ́wọ́.

Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò tí wọ́n bá tètè ṣe fún ará ilé aláìsàn fi lè tan èèyàn jẹ. Ará ilé yín tí abẹ́rẹ́ tirẹ̀ kò wú, kó padà lọ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì nígbà tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí ìgbà tó fara kan àìsàn náà kẹ́yìn.

Bí sójà T bá dé, á tú èròjà kan tó ń jẹ́ interferon gamma sára ajẹkòkòrò. Àṣẹ tí mo wí nìyẹn. Ajẹkòkòrò tó bá gba àṣẹ yìí á yí padà: á fa ásíìdì wọ inú àpò, á máa pèsè gáàsì nitric oxide tó ń ba ara kòkòrò jẹ́, á sì tú èròjà kan tó ń jẹ́ TNF jáde láti pe àwọn sójà mìíràn wá. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí láìní ibi tí interferon gamma ń bà sí lára sẹ́ẹ̀lì wọn. Kòkòrò inú BCG tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára gan-an ń dá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ dùbúlẹ̀.

Ohun tí mìlímítà 16 ń sọ

Ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlílítà omi tó ní èròjà kòkòrò ikọ́ ife nínú ni wọ́n gún sínú awọ apá yín. Kò sí kòkòrò alààyè nínú rẹ̀. Bí sójà T tó ti mọ kòkòrò yìí tẹ́lẹ̀ bá wà lára, wọ́n á rọ́ wá síbẹ̀, ojú ibẹ̀ á le, á sì ga. Láàárín wákàtí 48 sí 72 ni wọ́n ń kà á, wọ́n á fi ọwọ́ wá etí ibi tó le, wọ́n á sì fi rúlà wọ̀n ọ́n ní ìbú apá. Pípọ́n kò sí nínú ìṣirò. Bí nọ́ọ̀sì bá wọn ibi tó pọ́n dípò ibi tó le, èsì ti bàjẹ́ nìyẹn, irú rẹ̀ sì ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Fún ẹni tó ń bá aláìsàn gbélé tàbí tó ní HIV, láti mìlímítà 5 ni wọ́n ti ń kà á sí pé kòkòrò ti wọlé; fún ọ̀pọ̀ àwọn mìíràn, mìlímítà 10; fún ẹni tí kò ní ìdí kankan tó lè fi kó o, 15.

Àyẹ̀wò yìí kò rí kòkòrò o. Ohun tó rí ni pé àwọn sójà yín rántí rẹ̀. Nítorí náà, kò lè sọ bóyá ó ń jí tàbí ó ń sùn, mìlímítà 16 kò sì burú ju 11 lọ. Kò ní í padà sí òdo lẹ́yìn tí ẹ bá lo oògùn tán, torí náà ẹ má lọ tún un ṣe láti mọ̀ bóyá ẹ ti bọ́. Ẹni tí sójà rẹ̀ ti dín kù, bíi ẹni tí HIV ti bá jà, ọmọ tí ebi ti hàn lára rẹ̀, tàbí ẹni tí measles ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, apá rẹ̀ lè má wú rárá bẹ́ẹ̀ kòkòrò kún inú rẹ̀.

Ṣé BCG ìgbà ọmọdé ló mú un wú? Ó lè mú kí apá wú díẹ̀ láàárín ọdún mélòó kan àkọ́kọ́, àmọ́ ti ẹni tí wọ́n gún lọ́jọ́ tí wọ́n bí i máa ń pòórá bí ọdún ti ń gorí ọdún. Mìlímítà 16 lára àgbàlagbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń hú ikọ́ ife nínú ilé, ti ilé ni mo máa kà á sí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tó lè ya méjèèjì sọ́tọ̀: wọ́n á fi ESAT-6 àti èròjà kejì rẹ̀, CFP-10, sínú ẹ̀jẹ̀ yín nínú ìgò, wọ́n á fi í sínú ìwọ̀n ooru ara fún wákàtí 16 sí 24, wọ́n á wá wọn interferon gamma tí sójà T tú jáde. Kòkòrò inú BCG kò ní ESAT-6, torí náà BCG kò lè da èsì yìí rú. Bí ẹ ò bá rí i ṣe nítòsí yín, ẹ má torí rẹ̀ fi oògùn falẹ̀.

Bí wọ́n ṣe sé e mọ́lé

Bí ẹ bá gbé ọ̀kan nínú àwọn ilé tí sójà ń kọ́ yí kòkòrò yìí ká sábẹ́ awò amúǹkantóbi, ní àárín gbùngbùn ẹ ó rí òkú sẹ́ẹ̀lì, ó funfun, ó ń rún bíi wàrà tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ dànù. Àwọn ajẹkòkòrò ló yí i ká. Ọ̀rá ti kún inú àwọn kan nínú wọn, ọ̀rá yẹn sì ni oúnjẹ kòkòrò. Àwọn mìíràn ti dà pọ̀ di sẹ́ẹ̀lì ràgàjì kan ṣoṣo, kóró inú wọn tò sí etí rẹ̀ ní ìlà tó tẹ̀. Sójà T tò yípo lẹ́yìn wọn, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ẹran ara tó le bí àpá wà. Granuloma ni wọ́n ń pè é. Ó lè má ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ, X-ray ò lè rí irú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí tiyín fi mọ́ kedere. Nígbà tó bá pẹ́, òmíràn á gbẹ, á le bí eegun, á wá hàn lórí X-ray bí ẹ̀kán funfun kan tí ẹni náà lè gbé dé sàréè.

Afẹ́fẹ́ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín ilé náà. Kòkòrò tó wà níbẹ̀ á dá bíbí dúró tàbí kó fà á sẹ́yìn gan-an, á máa retí. Àmọ́ àwọn ilé yìí kò dọ́gba lára ẹnì kan ṣoṣo. Ìwádìí lára ọ̀bọ fi hàn pé nínú ẹ̀dọ̀fóró kan náà, àwọn sójà lè ti pa gbogbo kòkòrò inú ilé kan tán, kí wọ́n máa bá ti òmíràn jà lọ́wọ́, kí ẹlẹ́kẹta sì máa ya.

Nínú 100 èèyàn tí kòkòrò ti wọ ara wọn, 5 sí 10 ni yóò ṣàìsàn ikọ́ ife nígbà kan láyé wọn. Èyí tó kù kò ní í mọ̀ ọ́n lára títí wọn á fi kú. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdajì àwọn tó máa ṣàìsàn yẹn, láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́ ló máa ń ṣe wọ́n. Àárín ọdún méjì yẹn gan-an lẹ wà báyìí. Ti ọmọ kékeré tún burú ju èyí lọ, torí sójà T rẹ̀ kò tíì gbọ́n tó láti mọ ilé tó le: kòkòrò lè gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí awọ ọpọlọ tàbí kó fọ́n ká gbogbo ara láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ohun tó ń ya ògiri, àti ọ̀rọ̀ oògùn okun

HIV ló ń ya á jù, torí CD4 gan-an ló ń pa. Ẹni tó ní méjèèjì tí kò lo oògùn HIV, ewu tiyín ti gbogbo ọjọ́ ayé lè dé bá a láàárín ọdún kan ṣoṣo. Bí wọn ò bá tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ará ilé yín wò fún HIV, kí wọ́n ṣe é. Ìtọ̀ súgà ń sọ ewu náà di ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Sìgá àti ọtí àmujù wà níbẹ̀. Ní ọdún 2001, àwọn dókítà kéde pé ikọ́ ife ń jí lára àwọn tó ń lo infliximab fún àrìnká oríkèé, oògùn tó ń dí TNF lọ́wọ́; ìgbà yẹn ló hàn gbangba pé láìsí TNF, ilé náà á wó.

Èyí tó ń dùn mí jù ni dexamethasone àti prednisolone tí àwọn èèyàn ń rà ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà, àwọn kan kí wọ́n lè sanra, àwọn kan nítorí ara ríro. Oògùn tó ń pàṣẹ fún sójà ara pé kí wọ́n jókòó ni méjèèjì. Ẹ̀yin tí kòkòrò wà lára yín, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n láìjẹ́ pé dókítà tó mọ ọ̀rọ̀ yín ló kọ ọ́.

Ní ti oògùn tó ń fún ara lókun, mi ò rí èyí tó ń dí ikọ́ ife lọ́nà. Fítámì D ló sún mọ́ ọn jù, torí ajẹkòkòrò ń lò ó láti ṣe èròjà kan tó ń pa kòkòrò. Wọ́n wá dán an wò fún àwọn ọmọ ilé ìwé tó lé ní 8,000 ní Mòǹgólíà, èsì jáde ní 2020: kò dí kòkòrò lọ́wọ́ láti wọ ara wọn. Oúnjẹ gidi ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ní ìpínlẹ̀ Jharkhand ní Íńdíà, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2023 fún àwọn ará ilé aláìsàn ní ìrẹsì, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ àti fítámì lóṣooṣù, ikọ́ ife láàárín wọn sì fi nǹkan bí ìdá 39 sí 48 nínú 100 dín kù. Ebi ti ń bá àwọn èèyàn yẹn fínra tẹ́lẹ̀ o. Ẹni tó ń jẹun yó kò ní í rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ nínú kó máa jẹ sí i. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra ìgò oògùn okun, ẹ fi ra ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà fún ẹ̀gbọ́n yín.

Ohun mìíràn tún wà: sójà tó bá le jù náà ń ṣe ìpalára. Ìyà tí ẹ̀gbọ́n yín jẹ, ọwọ́ sójà ara wọn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. TNF àti àwọn èròjà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fa ibà alẹ́, òógùn tó ń rin aṣọ gbingbin, àti rírù. Bí àárín granuloma bá yọ́, èròjà tí sójà ń tú sílẹ̀ á jẹ ẹran ẹ̀dọ̀fóró rà, ihò á ṣí sí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Nínú ihò yẹn, afẹ́fẹ́ wà, oúnjẹ wà, sójà T ò dé ibẹ̀ dáadáa, kòkòrò á bẹ̀rẹ̀ sí í bí ní àìmọye. Ibẹ̀ ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ń ranni ti ń wá. Ẹni tí HIV ti jẹ sójà rẹ̀ tán, ihò kì í sábà sí nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ikọ́ rẹ̀ lè má pọ̀, X-ray rẹ̀ pàápàá lè mọ́, síbẹ̀ ikọ́ ife ló ń pa á lọ. Nítorí ìpalára sójà yìí kan náà ni àwọn dókítà ṣe ń fi dexamethasone kún oògùn ikọ́ ife tó bá wọ awọ ọpọlọ, kí wíwú inú orí má bàa pa aláìsàn kí oògùn tó ṣiṣẹ́.

BCG

BCG wúlò. Calmette àti Guérin, àwọn ará Faransé méjì, fi ọdún 13 tún kòkòrò ikọ́ ife ara màlúù gbìn ní ìgbà 230, títí agbára rẹ̀ fi lọ, wọ́n sì kọ́kọ́ lò ó fún ọmọ ènìyàn ní Paris ní 1921. Ara ohun tó sọ nù nínú rẹ̀ ni ESX-1 àti ESAT-6, ìyẹn ni kò fi lè ja inú ajẹkòkòrò bíi ti gidi. Ó ń kọ́ sójà ọmọdé débi pé ikọ́ ife inú ọpọlọ àti èyí tó ń fọ́n ká ara dín kù gan-an láàárín wọn, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gún un lọ́jọ́ ìbí ní Nàìjíríà. Ohun tí kò lè ṣe ni kó dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró àgbàlagbà dáadáa. Wọ́n ń dán abẹ́rẹ́ tuntun kan, M72, wò lọ́wọ́ fún àwọn àgbàlagbà, àmọ́ kò tíì dé ọjà.

Oṣù mẹ́fà ẹ̀gbọ́n yín

Kòkòrò inú ẹ̀dọ̀fóró wọn kò sí ní ipò kan náà. Èyí tó ń bímọ kíákíá nínú ihò, isoniazid ń pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ikọ́ fi tètè lọ. Èyí tó wà níbi tó kan, pyrazinamide ló ń ká a mọ́bẹ̀, torí ibi tó bá kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tó ń sùn, tó kàn ń ta jí díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, rifampicin ló lè dọdẹ rẹ̀, ọdẹ náà sì ń pẹ́. Ethambutol ń ṣọ́ wọn, bó bá ṣẹlẹ̀ pé isoniazid ò ran kòkòrò náà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún oṣù méjì, lẹ́yìn náà isoniazid àti rifampicin fún oṣù mẹ́rin. Ẹni tó bá dúró nígbà tí ikọ́ lọ, àwọn tó ń sùn ló fi sílẹ̀, wọ́n á sì jí. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn ni kí wọ́n máa yẹ̀ wò lábẹ́ awò amúǹkantóbi ní òpin oṣù kejì, nínú oṣù karùn-ún àti ní òpin ìtọ́jú. GeneXpert, ẹ̀rọ láàbù tó ń fúnni ní èsì láàárín wákàtí méjì, dára fún mímọ àìsàn níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó ń rí òkú kòkòrò náà, kò yẹ fún mímọ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá sì wò sàn, kí wọ́n má rò pé kò lè ṣe wọ́n mọ́. Ẹni tó ti ní in rí lè tún un kó.

Oògùn tiyín

Kòkòrò tiyín kò pọ̀, ni oògùn tiyín fi kéré. Isoniazid mìlígíráàmù 900 àti rifapentine mìlígíráàmù 900 ni ti àgbàlagbà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ kan náà, ẹ̀ẹ̀méjìlá lápapọ̀. Ẹ fi oúnjẹ lò ó. Ìtọ̀, òógùn àti omijé yín á pọ́n, kò sí ewu níbẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ lò ó lọ́jọ́ tí ẹ bá rántí, ẹ má lo ìlọ́po méjì, kí wákàtí 72 ó kéré tán wà láàárín ìlò kan àti èkejì. Bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bá ń ta yín wìnnìwìnnì, ẹ béèrè fún fítámì B6. Obìnrin tó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí onírọ́bọ́ nínú ilé, kó sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó bẹ̀rẹ̀, torí rifapentine ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó lóyún, wọ́n ní oògùn mìíràn fún un. Ẹni tó ń lo oògùn HIV, kó sọ ọ́.

Ẹ̀dọ̀ ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ fi ọtí sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta yìí, ẹ fi àgbo náà sílẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ. Bí oúnjẹ bá sú yín fún ọjọ́ mélòó kan, tí ẹ ń bì, tí inú ń run yín lápá ọ̀tún lókè, tàbí tí ẹyinjú yín bá di yẹ́lò, ẹ má lo èyí tó kàn, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Bí ikọ́ bá wá bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta yìí, tàbí ibà alẹ́, tàbí tí ẹ bá ń rù, ẹ má rò pé oògùn tó wà lọ́wọ́ yín máa bo ìyẹn náà. Oògùn méjì yìí wà fún kòkòrò díẹ̀ tó wà nínú ilé tó ṣì dúró. Bí ilé bá ti ya, kòkòrò á ti di ọ̀kẹ́ àìmọye, àwọn díẹ̀ nínú wọn tí oògùn kò ràn á sì yè, wọ́n á bí irú ara wọn. Bí ikọ́ ife tí kò gbọ́ oògùn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni kí ẹ gbé lọ sí láàbù kí ẹ tó tún gbé hóró kan mì.